Ta Ni Kí N Lọ Bẹ̀?

Ọ̀sán gangan ni, lábẹ́ afárá Ìwó Road n'Íbàdàn. Takisí Micra kan tó ń lé èrò fi imú gbá ìdí Camry kan tó dúró jẹ́ẹ́. Iná ẹ̀yìn Camry fọ́ yángá, báńpà rẹ̀ ń mì dirodiro bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Kí ẹni tó ni Camry tó tú bẹ́líìtì àyà rẹ̀, awakọ̀ takisí ti nà gbalaja sórí ọ̀dà gbígbóná: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, bíréèkì ló já mi kulẹ̀." Ìyá ọlọ́lẹ̀ kan gbé igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sí i. Bàbá kan tí kò mọ ẹnì kankan nínú wa rí sọ ara rẹ̀ di adájọ́. Oníṣẹ́ páńẹ́ẹ̀lì tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú yọjú, ó ní iṣẹ́ náà kò lè ju ₦25,000 lọ. Awakọ̀ ní ₦12,000 péré ló wà lọ́wọ́ òun. Ìyá ọlọ́lẹ̀ ní kí n fi ti Ọlọ́run ṣe é. Mo gba ₦12,000, mo bá tèmi lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ni Camry. Ìwé ínṣọ́ránsì mi wà nínú dúrọ́ọ̀ iwájú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ti awakọ̀ takisí náà kò sì ní ṣàìsí. Nínú gbogbo èrò tó dá sí ọ̀rọ̀ yẹn, kò sí ẹni tó dárúkọ ínṣọ́ránsì. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí à ń nà jáde lójú fèrèsé bí ọlọ́pàá bá dá wa dúró ni. Bí ọkọ̀ bá ti gbá ọkọ̀, ẹ̀bẹ̀ là ń lò.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn nínú ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí mo lọ kí wọn. Ó ń ro àmàlà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ogún ọdún, jókòó sídìí tábìlì, ó fọwọ́ lẹ́rán níwájú kọ̀ǹpútà. Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ni £4,100. Owó ínṣọ́ránsì ọdún kan ṣoṣo nìyẹn, fún Corsa àlòkù kan tí wọ́n rà ní £2,300.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú kúrò nídìí ìkòkò, omorogùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ni ọ̀gá wọn níbẹ̀? Ta ni kí n lọ bẹ̀?"

"Mọ́mì, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni."

Ó ti pé ọdún 19 tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń gbé ìlú yẹn. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ká ènìyàn lára, ilé lẹnu máa ń sá lọ.

Kí n tó bá a dé ọ̀rọ̀ owó náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ yìí, nítorí ẹni tó bá gbọ́ £4,100 á rò pé ó ti fi ọkọ̀ pààyàn. Nǹkan méjì ló ṣe. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó gba láísẹ́ǹsì. Kò pẹ́ sí i, kámẹ́rà ká a mọ́ àdúgbò Lewisham, níbi tí eré kò ti gbọdọ̀ ju máìlì 20 lọ ní wákàtí kan. Òun ń sá 33. Ìwé wá bá wọn nílé: ìtanràn £100, àti póíǹtì 3 lórí láísẹ́ǹsì. Ká ní 28 ló sá ni, wọn ì bá ní kó wá jókòó ní kíláàsì àwọn asáré, kó sanwó kíláàsì náà, póíǹtì kankan kò sì ní sí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, níbi tó ti ń rì-fáàsì ní ọgbà ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà kan, ó fi ìdí Corsa ya ilẹ̀kùn ọkọ̀ ẹlòmíràn. Iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì rẹ̀ tún un ṣe. Kò tún sí òmíràn.

N'Íbàdàn, ẹ̀fẹ̀ la máa fi ṣe. Máìlì 33 ní wákàtí kan, ìyẹn bíi kìlómítà 53. Bí ẹnikẹ́ni bá sá bẹ́ẹ̀ láti Challenge lọ sí Ring Road, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á fọn fèrè títí yóò fi yà fún wọn.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún ẹni tó ti ilé wá láti gbà ni pé iye kan náà ni gbogbo wa ń san nílé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, ₦15,000 ni ínṣọ́ránsì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ara ẹni, irú èyí tí òfin fi dandan lé; ₦5,000 ni tẹ́lẹ̀. Bí o bá ba ọkọ̀ tàbí ògiri ẹlòmíràn jẹ́, ₦3 mílíọ̀nù ni ibi tí ọwọ́ wọn lè nà dé. Bí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18, bí ó jẹ́ bàbá ẹni ọdún 80, bí o kò kọlu ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ, bí o sì jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá lo wọ gọ́tà, ₦15,000 náà ni. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Láti oṣù kejì ọdún 2025 ni ọlọ́pàá ti sọ pé àwọn á máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé òun kì í ṣe ayédèrú lè tẹ *565*11# lórí fóònù. Nítorí náà, lójú wa, ínṣọ́ránsì dà bí owó orí. Wọ́n dá iye kan, gbogbo ayé ń san án.

Ti Lọ́ńdọ̀nù kò jọ owó orí rárá. Bí mo bá fẹ́ fi nǹkan ilé wé e, onídùúró ni.

Ẹ̀yin náà ẹ ti wá onídùúró rí. Ẹ fẹ́ wọ iṣẹ́ báǹkì, ẹ fẹ́ gba ilé, tàbí wọ́n ti àbúrò yín mọ́lé ní tẹ́ṣàn. Ẹ mú fọ́ọ̀mù lọ bá ẹni ńlá kan. Kó tó mú bírò, ó kọ́kọ́ wò yín láti òkè délẹ̀. Ọmọ ta ni? Níbo ló ń gbé? Àwọn wo ló ń bá rìn? Bí ó bá ti gbọ́ pé ẹ kó owó ẹnì kan lọ rí, yóò sọ pé páásípọ́ọ̀tù òun tán nílé, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé kò sì ní dé láéláé. Kò kórìíra yín. Ohun tó ń rò ni pé bí ẹ bá bàjẹ́, ilé òun ni wọ́n máa wá.

Iléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì ni onídùúró tí ń gbowó kó tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Òfin ọdún 1930 ló sọ ọ́ di dandan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí gbogbo awakọ̀ ní irú onídùúró yìí; ọdún 1945, lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ni wọ́n ṣe tiwa ní Nàìjíríà. Òbí kan náà ló bí òfin méjèèjì. Àwọn oníròyìn rédíò máa ń pe iléeṣẹ́ wọ̀nyí ní adójútòfò, ẹni tí ń dójú ti òfò. Orúkọ náà dùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ní Peckham, àpò ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n kọ́kọ́ dójú tì.

"Ọkọ̀ £2,300!" Ó tún ti gbé e dé. "Owó ọkọ̀ méjì ni wọ́n fẹ́ gbà lórí ọkọ̀ kan."

Ibi tí àṣìṣe wà nìyẹn, èmi náà ṣe é kí n tó mọ̀. A rò pé Corsa ni wọ́n ń dúró fún. Corsa kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn. Bí ọmọ yìí bá ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́ nílùú yẹn, òfin ní onídùúró rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè san án dé £1.2 mílíọ̀nù. Bí ó bá wá jẹ́ ènìyàn ló ṣe léṣe, kò sí ibi tí wọ́n fi òpin sí rárá. Ẹ fojú inú wo ọmọdébìnrin kan tó ń kọjá títì, tí ọkọ̀ gbá, tí kò lè dìde nílẹ̀ mọ́: kẹ̀kẹ́ arọ, ilé tí wọ́n máa tún kọ́ nítorí kẹ̀kẹ́ náà, ẹni tí yóò máa wẹ̀ fún un láàárọ̀ lálẹ́ fún ogójì ọdún. Mílíọ̀nù mélòó kan pọ́n-ùn nìyẹn. Ẹni tí wọ́n ń wò, tí wọ́n ń bi ara wọn bóyá ó lè fa irú èyí, ni ọmọkùnrin ọmọ ogún ọdún tó ń sá 33 níbi 20.

Mo ní kí èmi náà dán tèmi wò fún eré. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo kọ ọ́ pé mo ti ń wakọ̀ fún ọdún 22 n'Íbàdàn, mo ń lọ Èkó, mo ń lọ Ìlọrin, láàárín tírélà, lóru pàápàá. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà gba ènìyàn láyè láti wakọ̀ níbẹ̀ fún oṣù 12. Ṣùgbọ́n ọdún 22 yẹn kò wọ ìwé wọn. Iye tó jáde sún mọ́ ti ọmọ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ náà fi rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga. Àgbàlagbà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kò sàn ju ọmọdé tí wọ́n mọ̀ sí burúkú lọ.

Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń wò? Ọjọ́ orí, iṣẹ́ tí o ń ṣe, àdúgbò tí ọkọ̀ ń sùn sí lóru, irú ọkọ̀ tó jẹ́, póíǹtì, àti ọjọ́ tí o gba owó ìtúnṣe gbẹ̀yìn. Wọn kò gbọdọ̀ fi ọkùnrin tàbí obìnrin ṣe é mọ́. Ilé ẹjọ́ Yúróòpù ti fòpin sí ìyẹn láti ọjọ́ 21 oṣù kejìlá ọdún 2012. Nípa àwọ̀ ara, ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tó máa sọ. "Orúkọ wa ni wọ́n rí." N kò lè sọ pé ó parọ́, n kò sì lè sọ pé òótọ́ ni. Àwọn iléeṣẹ́ náà ní àwọn kì í béèrè ẹ̀yà. Síbẹ̀, ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ Citizens Advice gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun ń san bíi £250 ju ẹlòmíràn lọ lọ́dún lórí ọkọ̀. Kì í ṣe dandan kí kọ̀ǹpútà mọ orúkọ ẹni. Àdírẹ́sì ń ṣòfófó.

Ohun kan wà tó yà mí lẹ́nu ju iye owó náà lọ. Nínú agbo ilé wa, ọkùnrin kan wà tó wa ọkọ̀ 504 ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọnú igi ọsàn nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bẹ ẹ̀gbọ́n náà, ó sì dárí jì í lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó jẹun alẹ́. Ọkùnrin yẹn ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, ṣùgbọ́n Kọlugi ni wọ́n ṣì ń pè é, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà náà pàápàá. Ilé máa ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé. Ti ọ̀hún yàtọ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó máa yọ póíǹtì 3 yẹn kúrò, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tó máa kúrò fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló máa wà lórí láísẹ́ǹsì. Àwọn oníínṣọ́ránsì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wò ó pé ó ti kúrò lórí láísẹ́ǹsì, kó wá fẹnu sọ pé kò sí. Ní ọjọ́ tó bá lé lórí ọdún márùn-ún, ó ti di ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ọmọ yìí ti kọ ọjọ́ náà sínú fóònù rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán àkàrà òyìnbó àti àbẹ́là, bí ẹni ń retí ọjọ́ ìbí.

Àárín ìsinsìnyí àti ọjọ́ yẹn ni ọgbọ́n wà, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀tàn wà.

Ẹ̀tàn tó kọ́kọ́ dé, láti inú ilé ló ti wá. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ṣé èyí le ni? Ẹ kọ orúkọ mi. Ẹ ní èmi ni mo ni ín, èmi ni mo ń wà á, kí ọmọ wà lẹ́yìn." Lójú Yorùbá, kò sí irọ́ kankan nínú èyí. Bàbá ló ra ọkọ̀, ilé bàbá ni ọkọ̀ ń sùn, bàbá lè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọ nígbà tó bá wù ú. Ta ló wá ni ọkọ̀ bí kò ṣe bàbá? Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà lójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ta ló ni ín. Ta ló ń wà á jù lọ ni wọ́n bi wá. Ọmọ yìí ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Bọ́ọ̀sì ni bàbá ń wọ̀. Fronting ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ níbẹ̀, jìbìtì sì ni lójú òfin wọn. Wọn kì í wádìí rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbowó o. Ọjọ́ tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, tí ènìyàn bá farapa, tí owó ńlá bá wọ ọ̀rọ̀, ìgbà náà ni wọ́n máa béèrè ta ló ń wà á láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Onídùúró lè san fún ẹni tó farapa, kó wá yíjú sí bàbá láti gba owó rẹ̀ padà.

Pípa póíǹtì mọ́ kò tilẹ̀ ṣeé gbìyànjú mọ́. Bí o bá ti tẹ nọ́ńbà láísẹ́ǹsì rẹ, wọ́n lè wo ìwé rẹ lọ́dọ̀ DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú láísẹ́ǹsì níbẹ̀, kí o tó mí kanlẹ̀.

Ẹ̀tàn kejì burú ju ti bàbá lọ, nítorí ó máa ń wọ aṣọ ará ilé. Ọ̀rẹ́ ọmọ náà mọ ẹnì kan lórí WhatsApp, ọmọ wa náà ni, tó lè gbé ínṣọ́ránsì jáde ní £900. Ìwé á jáde, nọ́ńbà á wà lórí rẹ̀, àmì iléeṣẹ́ ńlá á wà níbẹ̀. Alárinà iwin ni òyìnbó ń pè wọ́n, orúkọ náà sì bá wọn mu. Nígbà míì, irọ́ pátápátá ni ìwé náà. Nígbà míì, òótọ́ ni wọ́n ra ínṣọ́ránsì, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ pé ìyá arúgbó kan tó ń gbé ní oko ló ń wa ọkọ̀. Kámẹ́rà ọlọ́pàá tó wà létí títì ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, ó ń fi wé àkọsílẹ̀ gbogbo ọkọ̀ tó ní ínṣọ́ránsì. Bí kò bá bá tirẹ níbẹ̀, wọ́n lè gbé ọkọ̀ lọ lójú ẹsẹ̀, kí o fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ìtanràn £300, póíǹtì 6. Póíǹtì 6 yẹn ló ń pa àwọn ọ̀dọ́: láti oṣù kẹfà ọdún 1997, ẹni tó bá kó 6 jọ kó tó pé ọdún méjì tó gba láísẹ́ǹsì, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á padà lọ ṣe ìdánwò ìwé àti ti ojú títì bí ẹni tí kò fọwọ́ kan ọkọ̀ rí. Ọ̀rẹ́ tó mú nọ́ńbà WhatsApp yẹn wá ti fojú ba irú rẹ̀. Fóònù ló gbé sọ́wọ́ nígbà tí iná pupa dá a dúró. Póíǹtì 6, £200, ó di akọ́ṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù, ó pa nọ́ńbà náà rẹ́. Nígbà náà la tó jókòó.

Ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe ni pé a ta Corsa. Ó dun ọmọ náà, ó ti fi ẹ̀rọ orin olóhùn ńlá sínú rẹ̀ (ìyẹn pàápàá yẹ kó sọ fún wọn, kò sì sọ). Gbogbo irú ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti pín sí ìpele. Bí ìpele bá ṣe ń ga ni owó ń ga. Hyundai i10 kékeré kan ni wọ́n fi rọ́pò, ọkọ̀ tí ọmọdébìnrin kankan kò ní bojú wẹ̀yìn wò. Ọmọ náà ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.

Lẹ́yìn náà ni orúkọ ìyá. Ohun tí bàbá fẹ́ ṣe lọ́nà ẹ̀bùrú, ìyá ṣe é lọ́nà tó tọ́: ọmọ ni a kọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wà á jù lọ, a wá fi orúkọ ìyá kún un pé òun náà ń wà á, nítorí òótọ́ ni pé ó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti síbi iṣẹ́ alẹ́. Obìnrin tó ti ń wakọ̀ fún ọdún 15 láìní póíǹtì kan, bí ìyá tí ń bá ọmọ lọ sí tẹ́ṣàn ló rí. Owó já wálẹ̀. A dán orúkọ bàbá náà wò, owó gòkè. Ó ti sáré rí, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Ó ní òun fẹ́ lọ wo bọ́ọ̀lù.

Ìkànnì tí ń fi iye wé iye pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní àbàwọ́n kò gbọdọ̀ dúró sí ọ̀kan, nítorí kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ ló ń jáde níbẹ̀, àwọn míì sì ń sá fún ẹni tó ní póíǹtì. Níkẹyìn, alárinà gidi ni a lọ bá. Ẹgbẹ́ àwọn alárinà, tí wọ́n ń pè ní BIBA, máa ń tọ́ka ènìyàn sí ẹni tó mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan ló gbé fóònù. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. Ènìyàn rèé nígbẹ̀yìn. Ó ti ń tún ohùn ṣe láti bẹ̀bẹ̀ nígbà tí obìnrin náà dá a lẹ́nu pẹ̀lú ìbéèrè: ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n kọ póíǹtì náà? Èló ni wọ́n fi tún ilẹ̀kùn yẹn ṣe? Máìlì mélòó ló ń rìn lọ́dún? Ṣé iléeṣẹ́ kankan ti fagi lé ínṣọ́ránsì rẹ̀ rí? Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló tẹnu mọ́ jù. Ẹni tí wọ́n bá fagi lé tirẹ̀, kódà nítorí pé owó oṣù kan kò sí ní báǹkì, á máa dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí ìbéèrè yẹn fún ìgbà pípẹ́, ìyẹn sì lè burú ju póíǹtì lọ.

Ó tún dá àbá àpótí dúdú. Wọ́n á so ó mọ́ inú ọkọ̀, á máa sọ bí o ṣe ń sáré tó, bí o ṣe ń tẹ bíréèkì, bí o ṣe ń yà ní kọ́nà, àti wákàtí tí o fi wà lójú títì. Máàkì ló ń fún ènìyàn bí olùkọ́. N kò fẹ́ràn rẹ̀, n kò lè purọ́. Ó dà bí kí onídùúró wá sùn sínú ilé ẹni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò mọ̀ ní rere, ọ̀nà wo ló kù fún un láti fi han ayé pé òun ti yí padà? Ọmọ náà gbà. Ó tún gbà pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, òun á kọ́kọ́ dá £500 kí tiwọn tó wọlé. Ìyá rẹ̀ ní kó má jẹ́ kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó mọ ẹni tí wọ́n máa wá yá £500 náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iye tó jáde ni £2,150. Ó ṣì ń ta ènìyàn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í ṣe £4,100 mọ́.

Bí wọ́n bá ní kí àwọn máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, èlé á wọ̀ ọ́; £2,480 ló máa di. Kí wọ́n san án lẹ́ẹ̀kan náà ló dára, kí ó sì jẹ́ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó di ọjọ́ tí ínṣọ́ránsì máa bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá dúró títí tó fi ku ọ̀la kó tó wá onídùúró, ojú ẹni tí kò létò ni wọ́n fi ń wò ó, owó rẹ̀ á sì gbẹ́nu sókè. Ta ló wá ní £2,150 nílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan?

Àwọn obìnrin mẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń dá àjọ, £250 lóṣù. Oṣù kọkànlá ló kan ẹ̀gbọ́n mi, oṣù kẹfà la sì wà. Ó wọ ìró àti bùbá lọ́jọ́ Sátidé, ó ní kí n sin òun. Ilé olórí àjọ náà, ìyá Ìjẹ̀bú kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wà ní òkè ilé gíga kan ní Old Kent Road, ẹ̀rọ agbéniròkè rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́. Nígbà tí a dé òkè, ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì kí ó tó sọ ohun tó gbé e wá. Màmá náà ní kó dìde. Kò dìde. Màmá bi í pé ọmọ wo ni, ṣé èyí tó ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì ni? Òun ni. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ, mo ní òótọ́ ni, mo sì wolẹ̀ kun tirẹ̀. Màmá tẹ fóònù sí ẹni tí àjọ oṣù náà kàn, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, tí n kò gbọ́ tán, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti parí. Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ń gbọn kápẹ́ẹ̀tì kúrò ní orúnkún ìró rẹ̀. "Ìwọ náà rí i," ló wí. "Ẹni tí mo máa bẹ̀ wà."

Kí n tó padà sílé, wọ́n pè wá sí àádọ́ta ọdún ẹnì kan ní gbọ̀ngàn kan ní Thamesmead. Ọmọ náà ló wà wá lọ nínú i10, ó rọra ń lọ bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tó di aago mẹ́wàá ààbọ̀, onífújì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kì ẹ̀gbọ́n mi, owó ń bọ́ sílẹ̀, ọmọ náà dé ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ta ló ń lé ẹ?"

"Àpótí ni. Kì í fẹ́ ká rìn lóru."

Onífújì gbọ́ gbólóhùn náà nínú máíkì, ó sì gbé e lórin. Ibi tí ìlú ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi ṣa owó rẹ̀ nílẹ̀, ó sì tẹ̀lé ọmọ jáde.